Ẹ̀RỌ GBOHÙNGBOHÙN FÚN ILÉ ÌJỌSÌN: KÍ A TÓ YÁWÓ RÀ Á



Nínú ìwé ẹ̀yáwó tí ó ń dé iwájú ìgbìmọ̀, ọ̀kan wà tí kì í ṣe àjèjì sí wa mọ́. Ọmọ ẹgbẹ́ fẹ́ yáwó láti fi ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún ìjọ rẹ̀. Nígbà mìíràn bàbá ìjọ ni, nígbà mìíràn ìyá ìjọ tí ó ń ta aṣọ ní Sango ni, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fẹ́ máa fi ẹ̀rọ náà ṣe iṣẹ́ háyà ni. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má rà á. Ohun tí ojú wa ń rí ni pé owó ńlá ń lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ò tíì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ níwájú. Wọ́n á tún lọ ra sípíkà tó tóbi ju ti àkọ́kọ́, gbèsè á di méjì, ẹni ẹ̀yìn ò sì ní gbọ́ síbẹ̀. Onídùúró á wá máa sá fún akọ̀wé ẹgbẹ́. Nítorí èyí ni a fi ní kí a ṣàlàyé bí nǹkan yìí ti ń ṣiṣẹ́.

Orúkọ tí a ń pe ẹ̀rọ náà ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Kí òyìnbó tó mú ẹ̀rọ dé ni àwọn baba wa ti mọ gbohùngbohùn. Ohùn tí ó ń dá ènìyàn lóhùn padà bí ó bá kígbe nídìí àpáta ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀rọ dé ni a gbé orúkọ yìí fún un. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa lónìí, gbohùngbohùn méjèèjì ló wà níbẹ̀: èyí tí ẹ fi owó rà, àti èyí tí ògiri àti páànù ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ yìí gan-an ló ń ba èyí tí ẹ rà jẹ́.

Ìwàásù ti wà kí ẹ̀rọ tó dé. Nígbà tí ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye, Iléṣà, ní ọdún 1930, tí èrò ń wọ́ bí omi, agogo ọwọ́ ni àwọn ènìyàn mọ̀ mọ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, kì í ṣe maíìkì. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1919, ní ìlú San Diego, Ààrẹ Woodrow Wilson fi ẹ̀rọ Magnavox bá èrò tí wọ́n fojú bù sí 50,000 sọ̀rọ̀ ní pápá ìṣeré. Inú iyàrá kékeré onígíláàsì ni ó dúró sí, tí ó ń sọ̀rọ̀ sẹ́nu fèrè. Ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, ìjọ Living Faith ṣí Faith Tabernacle sí Canaanland, ní ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, níbí ní Ọ̀tà wa. Ìjókòó 50,000 ni wọ́n kọ́ ọ fún. Èrò ìta gbangba San Diego ló bọ́ sábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo yẹn.

Láti ìgbà náà, gbogbo ìjọ tó wà láti Ojú-Ọrẹ títí dé Joju ló fẹ́ kí tàwọn náà máa dún bẹ́ẹ̀. A ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n títóbi sípíkà nìkan kọ́ ló ń jẹ́ kí ilé ńlá gbọ́ràn. Ètò ni, ìwọ̀n ni, àti ibi tí a gbé nǹkan sí.

Bó ti wù kí ẹ̀rọ náà kéré mọ, ohun mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Maíìkì ń gba ohùn, ó ń sọ ọ́ di iná mànàmáná tí kò tó nǹkan. Míkísà ni ibi tí gbogbo maíìkì àti dùùrù ti ń pàdé, tí a ti ń wọn ti oníkálukú fún un bí ìyálọ́jà ṣe ń wọn gààrí. Ampilifáyà ń sọ iná kékeré yẹn di ńlá. Sípíkà wá ń sọ iná padà di ohùn. Bí ọ̀kan bá burú, owó tí ẹ ná sí mẹ́ta yòókù fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣòfò. Sípíkà nìkan ni ojú ń rí láti ẹ̀yìn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ni gbogbo ènìyàn ń rà tóbi, tí wọ́n á sì fi maíìkì tí kò ní láárí sí i.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ jíjìnnà. Bí a ṣe ń fi kílò wọn ẹran, dẹ́sìbẹ́ẹ̀lì ni a fi ń wọn ariwo. Bí ènìyàn bá jìnnà sí sípíkà ní ìlọ́po méjì, ohùn tó ń bọ̀ tààrà láti ara sípíkà náà á dín ní dẹ́sìbẹ́ẹ̀lì 6. Ẹ mú ẹni tó jókòó ní mítà 2 sí sípíkà, àti ẹni tó wà ní mítà 32 lẹ́yìn. Láti 2 sí 4, 6 ti lọ. Sí 8, 6 tún lọ. Sí 16, 6. Sí 32, 6. Dẹ́sìbẹ́ẹ̀lì 24 ló ti dànù lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá wá yí ampilifáyà sókè nítorí ẹni ẹ̀yìn, àwọn ọmọdé tí ẹ kó sórí ìjókòó iwájú ni ẹ ń fọ́ létí.

Ọ̀rọ̀ etí yìí kì í ṣe eré. Àwọn tó ń ṣètò ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní kí ènìyàn má gbọ́ ariwo dẹ́sìbẹ́ẹ̀lì 85 ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́. Bí 3 bá lé e, kí wákàtí ó dín sí ìdajì. Bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe dé 100, tí ó jẹ́ ìṣẹ́jú 15 péré. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin ní Ọ̀tà mọ ohun tí ọ̀gá ń fún yín dí etí. Ẹni tó bọ́ ohun ìdí etí sílẹ̀ ní Fráídè, tó wá lọ jókòó ti sípíkà ní ìṣọ́ òru títí ilẹ̀ fi mọ́, etí rẹ̀ ò mọ̀ pé òun ti kúrò ní ilé iṣẹ́.

Ohun tó dára ni kí ẹ gbé sípíkà sókè ju orí èrò lọ, kí ẹ dẹ ojú rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kọ àwọn ènìyàn, kó má ṣe kọ ògiri. Bó bá wà nílẹ̀, ara àwọn tó jókòó níwájú á gba ohùn náà tán. Bó bá wà lókè, jíjìnnà rẹ̀ sí ẹni iwájú àti sí ẹni ẹ̀yìn ò ní yàtọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Bí ilé bá sì gùn, sípíkà kékeré mẹ́rin tí a pín káàkiri sàn ju ńlá méjì tó dúró níwájú bí ọlọ́dẹ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbí o. Nǹkan bí mítà 340 ni ohùn ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná inú wáyà ní tirẹ̀ kì í pẹ́ dé rárá. Ẹni tó wà lẹ́yìn á kọ́kọ́ gbọ́ ti sípíkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti iwájú á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bọ̀. Bí àlàfo àárín méjèèjì kò bá tó ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá, etí á pa wọ́n pọ̀ mọ́ra. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, á gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Nǹkan bí mítà 17 ni àlàfo yẹn. Nínú ilé tí ẹ̀yìn fi mítà 100 jìnnà sí iwájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá kí ohùn tó dé. Bí pásítọ̀ bá ti ń sọ ọ̀rọ̀ kejì ni ti àkọ́kọ́ ń wọlé. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe ilé ńlá fi ń lo ohun tí wọ́n ń pè ní diléè, èyí tó ń dá ohùn sípíkà ẹ̀yìn dúró kí ti iwájú lè bá a. Ó ti wà nínú ọ̀pọ̀ míkísà oní-kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tà báyìí. Bí ilé yín bá gùn ju mítà 17 lọ, tí ẹ sì fẹ́ gbé sípíkà sáàárín tàbí sẹ́yìn, ẹ béèrè bóyá diléè wà níbẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí gbohùngbohùn ọ̀fẹ́. Bílọ́ọ̀kù tí a rẹ́, táìlì ilẹ̀, páànù òkè, gíláàsì ojú fèrèsé, gbogbo wọn ló ń ta ohùn padà. Ènìyàn, aṣọ àti ìjókòó onífóòmù ló ń gbà á mọ́ra. Torí náà ni ṣọ́ọ̀ṣì òfìfo fi máa ń dún bí àgbá. Ẹni tó wá ta ẹ̀rọ fún yín lọ́jọ́ Túsìdeè, tó dán an wò nínú ilé òfìfo, ẹ má tíì sọ pé ó dára tàbí kò dára. Ẹ jẹ́ kó wá ní ọjọ́ ìsìn.

Ohun tí gbohùngbohùn ọ̀fẹ́ yìí ń ṣe sí èdè wa, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìlù á tètè yé. Gángan ń sọ̀rọ̀, àbí kò sọ? Ṣùgbọ́n ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ló ń gbé jáde. Kò lè pe f, kò lè pe s, kò lè pe k. Ẹni tó bá ti mọ oríkì náà tẹ́lẹ̀ ló ń gbọ́ ohun tí onílù ń wí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ṣọ́ọ̀ṣì tí béèsì ti pọ̀ jù. Ohùn ìsàlẹ̀ ló ń pẹ́ jù nínú ilé kó tó kú, á máa bo f, s, ṣ, t àti k mọ́lẹ̀, àwọn tó jẹ́ ohùn tínrín. Ìjọ á gbọ́ bí pásítọ̀ ṣe ń gbé ohùn sókè sódò, wọ́n á sì máa ṣe àmín, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n ní ohun tó sọ, ó di ìṣòro. Ó ti sọ ìwàásù di gángan. Nítorí náà, nígbà ìwàásù, ẹ dín béèsì kù lórí maíìkì oníwàásù, kí ẹ sì pa ẹ́kò tí wọ́n ń fi sí i. Ẹ́kò dára fún akọrin. Fún ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ òun, gbohùngbohùn kẹta ni ẹ lọ rà kún méjì.

Kọ́tìnì tó nípọn lára ògiri ẹ̀yìn, rọ́ọ̀gì nílẹ̀, síílìn lábẹ́ páànù, ìwọ̀nyí lè ṣe ju sípíkà tuntun lọ, wọn ò sì ń jẹ iná. Síílìn á tún bá yín dín ariwo òjò kù, torí kò sí ampilifáyà tó lè bá òjò oṣù kẹfà jà lórí páànù. Àwọn kan ń lẹ páálí ẹyin mọ́ ògiri. Àǹfààní rẹ̀ kò tó nǹkan, bí iná bá sì ràn án, kò ní dúró gbọ́ àlàyé.

Híhan gooro tí maíìkì máa ń han, tí gbogbo ìjọ á fọwọ́ di etí, kì í ṣe èmi àìmọ́, kì í sì í ṣe pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ohùn jáde lára sípíkà, maíìkì gbé e, ampilifáyà sọ ọ́ di ńlá, sípíkà tún sọ ọ́ jáde, maíìkì tún gbé e. Wọ́n á máa yí i bẹ́ẹ̀ títí á fi di ariwo. Ẹ gbé sípíkà síwájú oníwàásù, kó kọ ẹ̀yìn sí maíìkì. Kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mú maíìkì súnmọ́ ẹnu, kó má ṣe fọwọ́ bo orí rẹ̀ bí àwọn olórin ṣe ń ṣe, torí ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ́ kó lè kọ ohùn ẹ̀yìn sílẹ̀. Maíìkì tí ẹnikẹ́ni ò lò, ẹ pa á.

Maíìkì aláìní-wáyà ní ìyọnu tirẹ̀ ní àdúgbò wa. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta bá fara ti ara wọn, tí méjì sì wà lórí ìkànnì kan náà, ìwàásù ẹlòmíràn lè jáde lára sípíkà yín. Ẹ ra èyí tí a lè yí ìkànnì rẹ̀, kí ẹ sì bá aládùúgbò sọ ọ́.

Ní ti ọjà, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ Alaba ní Ọjọ́ mọ̀ pé nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí yàtọ̀ sí agbára inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí wáàtì tí wọ́n kọ PMPO tẹ̀ lé, ẹ má kà á sí. RMS ni kí ẹ béèrè, ìyẹn agbára tí ẹ̀rọ náà lè gbé fún ìgbà pípẹ́. Kódà wáàtì gidi náà ń tan ènìyàn jẹ. Bí ẹ bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, dẹ́sìbẹ́ẹ̀lì 3 péré ni ẹ jèrè. Kí ohùn tó lè jọ ìlọ́po méjì létí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di wáàtì ìlọ́po mẹ́wàá. Sípíkà kan sì wà tó ń fi wáàtì kan ṣoṣo dún ní dẹ́sìbẹ́ẹ̀lì 96 ní mítà kan, òmíràn wà tó jẹ́ 90. Kí ti 90 tó lè bá ti 96 dọ́gba, wáàtì mẹ́rin ni á jẹ dípò kan. Ara sípíkà tàbí inú ìwé rẹ̀ ni wọ́n ń kọ nọ́ńbà yìí sí, ṣùgbọ́n a ò rí oníbàárà tó ń béèrè rẹ̀. Wáàtì ni wọ́n ń béèrè.

Maíìkì SM58 ti ilé iṣẹ́ Shure, tó ti wà láti ọdún 1966, wà lára èyí tí wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀ jù. Bí owó rẹ̀ bá kéré tó yà yín lẹ́nu, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Bó bá jẹ́ sípíkà tòkunbọ̀ ni, ẹ rọra fi ìka mẹ́rin tẹ páálí rẹ̀. Bó bá ń ha inú, kọ́ìlì ti jó. Ẹ wo etí rẹ̀ yíká, torí fóòmù tó di ẹ̀tẹ̀ kì í pẹ́ ya. Kí ẹ sì rántí pé sípíkà óòmù 8 méjì tí a so pọ̀ mọ́ ojú ihò kan di óòmù 4. Ampilifáyà tí wọ́n kọ 8 sí lára gẹ́gẹ́ bí òpin, bí ẹ bá dì í ru bẹ́ẹ̀, èéfín ni ẹ ó fi mọ̀.

Iná wa náà ń ba ẹ̀rọ jẹ́ ju ìlò lọ. Bí iná bá ń lọ sókè sódò, ẹ fi sitebiláìsà sí i. Bí ẹ bá fẹ́ tan ẹ̀rọ, míkísà ni kí ẹ kọ́kọ́ tàn, ampilifáyà kẹ́yìn. Bí ẹ bá fẹ́ pa á, ampilifáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ pa. Pàà tí ẹ máa ń gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ṣe é lódìkejì ń jẹ sípíkà díẹ̀díẹ̀. Jẹnẹrétọ̀, ẹ gbé e jìnnà sẹ́yìn ilé, kí èéfín rẹ̀ má bàa pa ènìyàn, kí ẹ má sì máa fi ampilifáyà bá ariwo rẹ̀ díje. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ lórí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó epo ìsìn mẹ́ta lọ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò yín pẹ̀lú owó ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ àwòrán tí wọ́n ń fi sára ògiri, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni tirẹ̀. Ọ̀tá rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀. Nínú ilé tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, ti kékeré ò ní hàn. Bí ilé yín ò bá ṣeé mú ṣókùnkùn díẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ńlá méjì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè sàn jù.

Ó ku ọ̀rọ̀ aládùúgbò. Ìlú ilé iṣẹ́ ni ìlú wa. Ẹni tó ṣiṣẹ́ òru ń sùn ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, ẹni tó ṣiṣẹ́ ọ̀sán ń sùn ní agogo méjìlá òru. Kò sí wákàtí kan tí sípíkà ìta lè dún ní Sango tí kò ní jí ẹnì kan. Òfin ariwo ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí àjọ NESREA ń mójú tó láti ọdún 2009, sọ pé ní àdúgbò ilé gbígbé, ariwo kò gbọdọ̀ ju dẹ́sìbẹ́ẹ̀lì 50 ní ọ̀sán àti 35 ní òru. Níbi tí ilé gbígbé, òwò àti ilé iṣẹ́ kéékèèké ti dàpọ̀, bíi tiwa, 60 ní ọ̀sán, 50 ní òru. Agogo mẹ́wàá alẹ́ ni òru òfin bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn méjì ń bá ara wọn sọ lójúkojú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 60, kí ẹ fi mọ bí 50 ti rí. Ní Èkó tí kò jìnnà sí wa, ní ọdún 2016, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pé àwọn ti ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́sáláṣí 20 pa nítorí ariwo. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà kàn yín pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ti ilé pa, ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀ ò ní ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n owó ẹ̀yáwó á máa lọ. Ní èrò tiwa, sípíkà ẹlẹ́nu fèrè tí wọ́n ń gbé sórí òrùlé kọ ojú sí ìta ni ẹ lè kọ́kọ́ yọ kúrò nínú ìwé ohun tí ẹ fẹ́ rà. Àwọn tó wá sínú ilé ni ẹ ń wàásù fún.

Ní ti ẹ̀yáwó fúnra rẹ̀, orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ ló wà nínú ìwé wa, kì í ṣe orúkọ ìjọ. Wọ́n lè gbé pásítọ̀ lọ sí ìlú mìíràn, ìjọ lè pín sí méjì, ẹ̀rọ á bá àwọn kan lọ, gbèsè á sì dúró ti ẹni tó fọwọ́ síwèé àti onídùúró rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń yáwó lórúkọ ìjọ, kó mú ìwé ìpinnu wá tí ìgbìmọ̀ ìjọ fọwọ́ sí, tó sọ ẹni tí yóò máa san án àti ẹni tó ni ẹ̀rọ náà bí ìjọ bá tú ká. Kó mú gígùn àti ìbú ilé náà wá pẹ̀lú ní mítà, iye ènìyàn tó ń jókòó níbẹ̀, àti ìwé iye owó láti ọ̀dọ̀ ẹni méjì tó yàtọ̀. Ẹni tó fẹ́ ẹ fún iṣẹ́ háyà kò nílò ìwé ìjọ, ṣùgbọ́n kó kọ iye òde tó rò pé òun á máa rí lóṣù sílẹ̀, kó má gbàgbé àkókò ààwẹ̀ tí òde kì í pọ̀.

Ọ̀dọ̀ akọ̀wé ni ìwé ẹ̀yáwó wà. Okùn ìwọ̀n ilé wà ní ọ́fíìsì pẹ̀lú, ẹ lè yá a lọ, kí ẹ dá a padà lọ́jọ́ kejì.